Ọ̀dà funfun ń pọ́n lórí tábìlì ọ̀gànwó: ẹ̀yin tí ẹ ń kun àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ bá mi dá sí i

Aláwọ̀ Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ mi ni kí n gba àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí n tún wọn ṣe, kí n fi ọ̀dà tuntun kùn wọ́n. Ọdún kejì mi rè é nídìí ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni mo ti ń ṣe é, lábẹ́ páànù tí ọkọ mi bá mi ta, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń wá bá mi ha igi lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá kan gbé tábìlì ìmúra ìyá wọn wá bá mi. Ọ̀gànwó pọ́ńbélé, èyí tí àwọn kápẹ́ńtà àtijọ́ fọwọ́ ṣe, dúrọ́ọ̀ márùn-ún, dígí roboto lókè. Ìyá náà ti dolóògbé, ọmọ-ọmọ ló fẹ́ máa lò ó, funfun ni wọ́n sì fẹ́. Mo fọ̀ ọ́, mo fi sáńpépà ha á, mo kun ọ̀dà olómi funfun sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ó funfun báláú. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí màmá náà, inú wọn dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí mo ká aṣọ tí mo fi bò ó, àárín orí tábìlì ti ń pọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú kókó kan lápá òsì, bí ìgbà tí tíì bá dà sórí aṣọ funfun, ó wá ń tọ ìlà ara igi lọ díẹ̀díẹ̀. Mo tún kùn ún. Ó bò. Lọ́jọ́ kẹta ó tún yọ, ojú ibẹ̀ náà gan-an. Mo lọ ra ọ̀dà ilé iṣẹ́ mìíràn, torí mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Bákan náà ló rí.

Kò ní pẹ́ tí màmá náà yóò wá gbé e. Kí ni kí n ṣe? Ìbéèrè kejì tún wà, òun ló tiẹ̀ dùn mí jù: wọ́n ní owó mi ti pọ̀ jù, pé "ọ̀dà lásán" ni mo kùn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣírò owó iṣẹ́ yín?

Búrọ́ọ̀ṣì Tútù, Òṣogbo

Àǹtí, ẹ má kùn ún mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀dà, oje igi ni. Bí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni yóò yọ. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìfági dé.

Bàbá Ìfági, Abẹ́òkúta

Mo ti dé. Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá mi.

Oje wà nínú igi, oje náà sì ní àwọ̀. Àwọn igi tí ara wọn pọ́n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù: ọ̀gànwó, ìrókò. Ti ìdígbò tún yàtọ̀, oje tirẹ̀ dà bí omi ajó, bí aṣọ tútù bá sùn mọ́ ọn mọ́jú, aṣọ náà á gba àwọ̀. Arère àti afárá funfun kì í yọni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o kun ọ̀dà olómi, omi inú rẹ̀ wọ inú igi lọ, ó tú oje. Bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, omi ń bọ̀ lókè, òun àti oje ni wọ́n sì jọ ń gòkè. Omi lò ń bù kún omi ní gbogbo ìgbà tó o tún un kùn.

Ojú kókó ló ti kọ́kọ́ yọ nítorí ibẹ̀ ni oje pọ̀ sí jù. Yẹ ojú ìṣó wò pẹ̀lú. Bí ìṣó irin bá wà nínú ìrókò tàbí ìdígbò, tí omi wá kàn án, ó máa dúdú yípo. Ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn o, irin àti oje igi ló pàdé, fífọ̀ kò sì ní gbé e lọ. Tẹ orí ìṣó náà wọlé, dí ojú ẹ̀, kó o tó ṣe ohunkóhun.

Ohun tí yóò bá ọ dá oje dúró ni ṣẹ́láàkì. Kí sánńdìn sílà àti láákà tó gbòde, òun la fi ń pọ́líìṣì. Kòkòrò kan tó ń gbé lórí igi ní India àti Thailand ló ń pọ̀ ọ́ jáde, wọ́n á wá yọ́ ọ di pẹlẹbẹ wíńníwíńní bí ìpẹ́ ẹja. Bó o bá rí èyí tí wọ́n ti yọ ìda rẹ̀, òun ni kó o rà, ọ̀dà máa ń dì mọ́ ọn ju èyí tó ní ìda lọ. Gíráàmù 250 sínú lítà sípíríìtì kan. Inú ìgò tàbí ike ni kó o pò ó sí, má fi sínú agolo, irin á sọ ọ́ di dúdú. Máa mì ín, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Má pò ju ohun tó o máa lò lọ, nítorí èyí tó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà nínú ìgò kì í fẹ́ gbẹ mọ́, á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni.

Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ibi tó o bá ti kọjá, má padà síbẹ̀, torí ó ń gbẹ kíákíá, bó o bá padà, ojú búrọ́ọ̀ṣì á hàn. Kò ní ju ìṣẹ́jú 45 lọ tí yóò fi gbẹ. Fi sáńpépà 320 rà á lórí fẹ́ẹ́rẹ́, nu eruku rẹ̀, kun ẹlẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà. Omi ọ̀dà kò ní rí igi kàn mọ́.

Ti ọ̀dà tó wà lórí ẹ̀ báyìí: fi èékánná ha á níbi igun. Bó bá dì mọ́ igi, ṣẹ́láàkì lè gorí ẹ̀. Bó bá ń ṣí bí èèpo, ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Kó o tó fi kan orí tábìlì, dán an wò níbi tójú kì í tó, ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀ ni mo máa ń lò. Ṣẹ́láàkì ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀dà funfun lé e, kó o máa ka ọjọ́.

Ìyá Ìbejì, Mushin

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o. Ṣùgbọ́n kò sí ṣẹ́láàkì ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀. Èmi, glọ́ọ̀sì elépo ni mo máa ń kùn tààrà sórí ọ̀gànwó, ó sì máa ń bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá Ìfági, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, epo kì í tú oje bí omi ṣe ń tú u, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń bò ó. Ṣùgbọ́n glọ́ọ̀sì funfun elépo fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í dé. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ kùn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ fi inú ilẹ̀kùn rẹ̀ wé ìta, ẹ ó rí i. Tábìlì tí wọ́n fẹ́ kó máa funfun nìṣó fún ọmọdé, mi ò ní fi glọ́ọ̀sì elépo ṣe é.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti lè rí ṣẹ́láàkì, ẹ béèrè ní Ọjọ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà, tàbí lọ́wọ́ àwọn tó ń pọ́líìṣì àga nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó.

Búrọ́ọ̀ṣì Tútù, Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, kí ẹlòmíì má bàa ṣe irú ẹ̀. Ẹni tó bá ti kun ọ̀dà elépo, kó má fi ọ̀dà onítínà lé e lórí o. Àga mẹ́fà ilé ìjọsìn kan ni mo fi kọ́gbọ́n. Glọ́ọ̀sì ló wà lára wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n jẹ́ kó máa dán bí ti ọkọ̀. Mo ra ọ̀dà ọkọ̀ àti tínà, mo fín in. Kí n tó fín àga kẹta tán, èkíní ti ń hunjọ. Ojú mi ló ṣe é. Ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ wú, ó sún kì, ó dà bí awọ tó wà lórí ògì tútù. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ha gbogbo rẹ̀ dé ara igi, mi ò sì gba kọ́bọ̀ kan kún owó mi.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kí n tó mú ọ̀dà kankan: mo máa fi òwú rẹ tínà díẹ̀, màá fi lé ibi kọ́lọ́fín kan lára ọ̀dà àtijọ́ náà fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá wú tàbí tó ń yọ́, tínà kò gbọdọ̀ débẹ̀. Màá wá rẹ òwú mìíràn nínú sípíríìtì. Bí ọ̀dà náà bá lẹ̀ mọ́ òwú yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dà olómi tàbí ṣẹ́láàkì. Bí méjèèjì ò bá ṣe é ní nǹkan kan, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀dà elépo tó ti pẹ́ tó ti gan.

Ọmọ Ìlọrin

Àǹtí Bódìjà, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ owó. Èmi náà ti gba "ọ̀dà lásán" sétí títí.

Mo ra ìwé kékeré kan. Gbogbo iṣẹ́ tí mo bá gbà, mo ń kọ wákàtí tí mo lò sílẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tí mo ṣe lóṣù tó kọjá gba ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ ẹ̀ ní gbàgbọ́: wákàtí mẹ́ta péré ni mo fi kùn ún nínú gbogbo ẹ̀. Títú ìdè ilẹ̀kùn àti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, fífọ ọ̀rá ilé ìdáná tó ti di gọ́ọ̀mù, dídí ihò, híha pẹ̀lú sáńpépà 120, híha pẹ̀lú 220, nínu eruku, ìyẹn ló gba ọjọ́ mẹ́rin. Ọjọ́ kan lọ sórí dídúró kí nǹkan gbẹ. Ibi tí oníbàárà ò rí ni owó wà. Nítorí náà mi ò kí ń pe owó lápapọ̀ mọ́. Mo ń ya fọ́tò lójoojúmọ́, mo sì ń fi ránṣẹ́. Ẹni tó ti rí igi tiẹ̀ níhòòhò, tó rí eruku tó bo irun orí mi, kì í pè é ní ọ̀dà lásán mọ́.

Ohun mìíràn tó gbà mí ni pátákó àwọ̀. Mo máa kun pákó kékeré kan ní àwọ̀ tí wọ́n yàn, ẹ̀ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí màá ṣe kun àga náà, màá ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n wò ó láàárọ̀, kí wọ́n tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ iná. Wọ́n á kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí mi ò tíì máa ṣe èyí, arábìnrin kan yan àwọ̀ ewé lórí fóònù, ó dé ilé rẹ̀ tán, ó ní búlúù ni mo kùn. Iná yàrá rẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n èmi ni mo tún un kùn.

Ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kò ní àyípadà.

Aláwọ̀ Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, mo ti rí ṣẹ́láàkì lọ́wọ́ olùpọ́líìṣì kan lẹ́bàá ọjà pákó níbí, ó wọ̀n ọ́n fún mi sínú àpò kan, ó tiẹ̀ bi mí pé ta ló kọ́ mi. Ọ̀dà tó wà lórí tábìlì ń ṣí ní igun, nítorí náà ha ni mo máa ha á. Ọmọ Ìlọrin, mo ti ra ìwé náà.

Bàbá Àlàbá Mẹ́ta, Abẹ́òkúta

Ẹ má bínú pé mo ń yà á sí ọ̀tọ̀. Wọ́n fún wa ní ibùsùn ọmọ kan, tòkunbọ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí péépèèpéé. Mo fẹ́ fi sáńpépà ha á kí n tún un kùn kí ìyàwó mi tó bímọ. Sáńpépà nọ́ńbà wo ni kí n rà?

Àbíkẹ́ Houston

Ẹ dúró ná, ẹ̀gbọ́n! Ẹ má tíì ha á.

Bí ibùsùn náà bá ti pẹ́, òjé, èyí tí òyìnbó ń pè ní lead, lè wà nínú ọ̀dà rẹ̀. Níbí, ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni ìjọba fòfin dè é nínú ọ̀dà ilé àti ti ohun èlò ọmọdé, nítorí náà ohun tí wọ́n bá kùn ṣáájú ìgbà yẹn, a kì í fọwọ́ kàn án láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ààlà tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fẹ́ kí gbogbo orílẹ̀-èdè lò ni 90 nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn àwọ̀ tó tàn yòò ló ń ní òjé jù, òféèfèé àti pupa, torí òjé wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ro àwọ̀ náà.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo? Ọmọdé kì í fara da òjé bí àgbà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, kì í sì í ṣeé tún ṣe. Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, eruku òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá góòlù ló pa ọmọ tó lé ní 400. Kì í ṣe ọ̀dà ni tiwọn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, eruku ló sì gbà wọlé. Ọmọ tó bá ń hu eyín yóò sì gé etí ibùsùn rẹ̀ jẹ.

Àmọ̀ràn mi: ibùsùn tí ọ̀dà ti ń ṣí lára rẹ̀, tí ẹ ò sì mọ ìtàn rẹ̀, kí ọmọ má sùn nínú rẹ̀. Ti àga àgbàlagbà tí ẹ gbọ́dọ̀ ha, ẹ fi omi rẹ sáńpépà, irú rẹ̀ tó gba omi, kí eruku má bàa fò. Ìbòmú gidi, kì í ṣe èyí tí a fi aṣọ rán. Kí aláboyún àti ọmọdé má sí nítòsí. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, kí ẹ ká a pọ̀ pẹ̀lú ohun tó bá já sórí ẹ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ yín lọ́tọ̀ sí ti ilé.

Bàbá Àlàbá Mẹ́ta, Abẹ́òkúta

Àǹtí, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti gbé e jáde nínú yàrá. Kápẹ́ńtà àdúgbò wa ni yóò bá mi kan tuntun.

Bàbá Ìfági, Abẹ́òkúta

Ó dára bẹ́ẹ̀. Bó bá kàn án tán, wá bá mi, Abẹ́òkúta kan náà la wà. Èmi ni màá kùn ún, mi ò gba owó.

Ṣadé Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ibi tí mo wà níbí, ní London, ìṣòro ti wa yàtọ̀ díẹ̀. Àga àti dúrọ́ọ̀ onígi gidi kún àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹrù àánú, wọ́n ń tà wọ́n lówó pọ́ọ́kú torí àwọn èèyàn ò fẹ́ igi pupa dúdú mọ́. Yàrá ìdáná mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù November títí wọ March, ọ̀dà olómi kì í gbẹ dáadáa bí yàrá bá tutù ju dígírì 10 lọ, á kàn dúró rọ̀rọ̀ ni, bí ẹ bá sì gbé nǹkan lé e, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ọ̀dà oníṣọ́ọ̀kì. Obìnrin kan tó ń ṣe ọ̀dà, Annie Sloan, ló gbé irú rẹ̀ jáde níbí lọ́dún 1990, ó ń dì mọ́ igi láì jẹ́ pé a ha igi náà púpọ̀, ojú rẹ̀ kì í dán, ó dà bí ẹfun tó gbẹ. Ó wọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé lè po tiyín: POP tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé yàrá ni. Ife POP kan, ife omi kan, ẹ pò ó títí kò ní sí kókó, kí ẹ tó dà á sínú ife ọ̀dà olómi mẹ́ta. Ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò tán láàárín wákàtí kan sí méjì ni kí ẹ pò, torí POP á gan mọ́ ọ yín lọ́wọ́. Ẹ fi ìda tàbí fáníìṣì olómi bò ó níkẹyìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ọwọ́ á máa hàn lára rẹ̀. Oje igi máa ń yọ nínú tirẹ̀ náà o, ọ̀rọ̀ ṣẹ́láàkì Bàbá kò yí padà.

Àti pé, ẹni tó ń lo pọ́líìṣì inú agolo tí à ń fín láti fi nu tábìlì, sílíkónì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé e, ọ̀dà á máa sá fún ara rẹ̀, á fi ojú kéékèèké sílẹ̀ káàkiri bí ojú ẹja. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tó fi sáńpépà kàn án. Bí ẹ bá kọ́kọ́ ha á, ẹ ń ti sílíkónì náà wọ inú igi ni.

Ará Kétu

Mo ń ka gbogbo yín láti Kétu níbí, ní Benin. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ọ̀gànwó! Igi tí ó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó gbó, tí ẹ fẹ́ fi ọ̀dà funfun bò? Mo mọ̀ pé oníbàárà ló ni í. Ṣùgbọ́n igi náà ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣadé Peckham

Ará Kétu, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kíkun igi ni pípa á lẹ́nu mọ́. Olówè ará Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé wá ṣàfihàn ní Wembley lọ́dún 1924, ọ̀dà ló kùn sára iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn yẹn wà ní British Museum. Mo ti dúró níwájú rẹ̀, mo tẹ̀ súnmọ́ ọn, àwọ̀ ṣì wà nínú kòtò ibi tí ọ̀bẹ gbà. Lọ́dọ̀ tiyín náà, igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wo ni wọn ò kùn?

Ará Kétu

Òótọ́ ni, àǹtí. Ilé tí wọ́n ti ń kun igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo dàgbà sí. Bí ìgbà ìjó bá ń súnmọ́, bàbá mi àgbà á kó wọn jáde, á tún wọn kùn kí wọ́n tó lọ sójú agbo, torí òru àná àti òjò èṣí ti bá ọ̀dà jẹ́. Osùn, ẹfun àti búlúù ifọṣọ ni wọ́n lò látijọ́, nígbà tí ọ̀dà inú agolo dé, wọ́n mú un. Ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, ọ̀dà sì wà lára igi náà.

Nítorí náà mo yí ohùn mi padà díẹ̀. Ohun tí bàbá mi àgbà máa ń sọ ni pé kí a má jẹ́ kí ọ̀dà ga ju ọ̀bẹ lọ. Bí ẹ bá ń kun ọ̀dà tuntun lé ti èṣí, lé ti ìjẹẹ̀ṣí, ilà ojú á kún, imú á di pẹlẹbẹ, lọ́jọ́ kan ẹ ó wò ó, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó máa ń fi ṣóńṣó igi ọ̀pẹ tú ọ̀dà àtijọ́ jáde nínú kòtò ilà kó tó kun tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kun àga tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lẹ́yìn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sàn ju kíki lẹ́ẹ̀kan.

Ti tábìlì yẹn, àmọ̀ràn kan rè é: ẹ bi màmá náà bóyá wọ́n á gbà kí orí rẹ̀ jẹ́ igi, kí ara àti ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun.

Ìyá Ìbejì, Mushin

Ìyẹn dáa o! Orí tábìlì ni ọwọ́, ìpara àti ife omi ń kàn jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀dà ti kọ́kọ́ ń ṣí.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá máa fi epo linseed pa orí igi, ẹ má ká aṣọ tí ẹ fi nù ún jọ sí igun kan o. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣá iná sí i. Ẹ sá a sórí okùn níta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Búrọ́ọ̀ṣì Tútù, Òṣogbo

Àsìkò òjò ńkọ́? Láákà mi máa ń funfun bí ẹni tó pa àtíkè bí mo bá fín in lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú.

Bàbá Ìfági, Abẹ́òkúta

Omi inú afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Tínà ń gbẹ kíá, ó ń mú ojú ibẹ̀ tutù, ìrì wá ń sẹ̀ sí i. Dúró títí oòrùn á fi yọ, má fín in kí aago mẹ́wàá tó lù. Ti ọyẹ́, òdìkejì ni: ọ̀dà ń gbẹ kó tó tẹ́jú, eruku sì ń bà lé e. Ìdájí ni kó o kùn, wọ́n omi sílẹ̀ yípo kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì ti ilẹ̀kùn.

Aláwọ̀ Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo padà dé.

Mo pe màmá náà, mo sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n dé lọ́jọ́ tí mo ń ha orí tábìlì lọ́wọ́. Mo ti bá a dé 220, mo wá fi aṣọ tó rẹ sípíríìtì nù ún kí n lè rí i bóyá ọ̀dà kù nínú rẹ̀. Ẹ mọ bí igi ṣe máa ń rí bí ó bá tutù bẹ́ẹ̀. Gbogbo pupa rẹ̀ jáde, ìlà rẹ̀ ń ṣe bí omi odò tí atẹ́gùn ń fẹ́. Màmá náà ò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n fi ìka tọ́ àmì yíyípo kan lápá ọ̀tún, tí mo ti rò pé màá ha kúrò, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìyá wọn máa ń gbé agolo àtíkè sí. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀.

Nítorí náà, orí rẹ̀ àti ojú dúrọ́ọ̀ márààrún yóò jẹ́ igi, ara, ẹsẹ̀ àti férémù dígí yóò funfun. Wọn kò tún mẹ́nu ba owó. Mo fi ìwé tí mo kọ wákàtí sí hàn wọ́n, wọ́n kà á, wọ́n san èyí tó kù sílẹ̀.

Bí mo ṣe fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, mo rí i pé kápẹ́ńtà tó ṣe é fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1 sí 5, kí wọ́n má bàa pààrọ̀ àyè ara wọn. Ẹ̀yìn nọ́ńbà 5 ni mo ti dán ṣẹ́láàkì wò, mo yẹra fún pẹ́ńsù náà. Ṣẹ́láàkì ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀dà funfun ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láì fi ṣẹ́láàkì sí i kí n lè fi wọ́n wéra. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbẹ́ kejì ti pọ́n láti ọjọ́ kẹrin. Èyí tó ní ṣẹ́láàkì ṣì funfun. Lọ́la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kun ẹsẹ̀ rẹ̀.